Ta Ló Ń Jẹun Lórí Wokitókì?

Èmi àti Sàráfà la jọ ń ṣọ́ ilé ìlagi. Èmi wà lẹ́nu géètì, òun wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún létí odò, wokitókì la sì fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Tí o bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ láti sọ̀rọ̀, o ò ní gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀ àfi tí o bá jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣú ni mo gbọ́ ẹnu tó ń jẹun. Ó ń pọ́n ìka lá, ó ń fa eegun mu, itọ́ kún ẹnu ẹ̀ fọ́fọ́. Mo tẹ bọ́tìnnì wokitókì.

"Sàráfà, ọ̀bùn ni ẹ́! Ṣé bí èèyàn ṣe ń jẹun nìyẹn?"

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò jẹ nǹkan kan o. Ìgbà tí ẹ̀yin bá ń sọ̀rọ̀ gan-an ni mò ń gbọ́ ọ."

Irọ́ burúkú! Mo tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ kí n lè bú u dáadáa. Wokitókì dákẹ́ lọ́wọ́ mi, bó ṣe yẹ kó dákẹ́.

Ẹni tó ń jẹun ò dákẹ́. Ó ṣì ń fa eegun ẹ̀ mu, nítòsí etí mi, itọ́ lílọ́wọ́ọ́wọ́ sì kán sí mi lọ́rùn.