Fọ́nrán Tí Ọlálẹ́yẹ Nù Mọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kẹ́ ẹ pa á tì. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ibi tó dunni jù wà. Bẹ́ ẹ bá kà á tán, ẹ fún ẹlòmíràn kà, pàápàá ẹni tí nǹkan àtijọ́ bá wà níkàáwọ́ rẹ̀.

1.
Ṣé ẹ ti bi ara yín rí pé kí ló dé tí orin inú fíìmù kì í pé sínú àwo? Ẹ ó wo fíìmù, orin kan á wọ̀ yín lára, ẹ ó sáré lọ ra àwo rẹ̀, ẹ ó gbọ́ ọ tojú tẹ̀yìn, orin ọ̀hún ò ní sí níbẹ̀. Ohun tó ń jẹ Ọlálẹ́yẹ lọ́kàn nìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù orin ló ní ní oríta Adégbayì. Ó ń ta àwo, ó sì ń bá èèyàn da orin kọ sínú kásẹ́ẹ̀tì. Fíìmù kan wà tí ẹgbẹ́ eléré kan ṣe ní ọdún 1980, wọ́n gbé e káàkiri títí ẹ̀dà rẹ̀ fi já wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Orin mẹ́tàdínlógún ló wà nínú ẹ̀. Mẹ́fà péré ni wọ́n gbé sínú àwo, torí ìwọ̀nba ni ojú àwo kan ń gbà.

Àwọn oníbàárà rẹ̀ a máa jiyàn lé e lórí. Àwọn kan ní mẹ́fà yẹn ti tó, pé ẹni tó ṣà wọ́n mọ ohun tó ń ṣe. Ọlálẹ́yẹ ní irọ́ ni. Ó ní òun lòun máa gbé gbogbo ẹ̀ jáde, kásẹ́ẹ̀tì méjì gbáko, orin tó dá ṣáká, kò ní sí ariwo kankan níbẹ̀. Kó tiẹ̀ tó rí orin ló ti tẹ bébà tó máa wà lára ẹ̀, tó kọ orúkọ ara ẹ̀ gàdàgbà síwájú. Irú èèyàn tó jẹ́ nìyẹn.

2.
Lọ́dún 1994 ló gbọ́ pé Bàbá Sàníù, ẹni tó kó orin fíìmù náà jọ, ṣì ń dáko kòkó ní abúlé kan lẹ́yìn Lálúpọn. Ó gun ọ̀kadà lọ bá wọn. Bàbá gbé agolo bisikíìtì kan jáde. Fọ́nrán ńlá ló wà nínú ẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń wé sára kẹ̀kẹ́ tó fẹ̀ tó abọ́ ìjẹun, ó sì ti bu díẹ̀ létí. Gbogbo orin fíìmù yẹn ló wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ ni kò sí lábúlé.

Ẹ fara balẹ̀ síbí o. Àjọkẹ́, ìyàwó Bàbá, ló kọ ọ̀kan nínú àwọn orin tí wọn ò gbé sínú àwo. Oyún Mùsílímátù ló wà nínú ẹ̀ nígbà tó kọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ tó bí ọmọ náà ló jáde láyé. Ọmọ ti pé ọdún mẹ́tàlá, kò gbọ́ ohùn ìyá ẹ̀ rí.

Bàbá gbé agolo náà lé Ọlálẹ́yẹ lọ́wọ́, wọn ò bèèrè kọ́bọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n sọ: "Ọmọ yìí ni kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́. Kò sí òmíràn níbi kankan." Ọlálẹ́yẹ ní kí wọ́n máa bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé.

3.
Gàfárù, ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó ń tún ẹ̀rọ ṣe nílé iṣẹ́ rédíò, ló yá a ní ẹ̀rọ. Ó sì kìlọ̀ fún un. Ó ní, "Dà á kọ báyìí, tòun ti ariwo ẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kó o tó máa wá ìmọ́tótó." Ọlálẹ́yẹ ní òun ò lè fi orúkọ òun sára ohun tó ń hó ṣìṣì.

Ẹ̀yin náà mọ bá a ṣe ń ṣe é nígbà yẹn. Tí kásẹ́ẹ̀tì bá ti ń dún wúyẹ́wúyẹ́, ẹ ó rẹ òwú sínú sípíríìtì, ẹ ó fi nu orí ẹ̀rọ, orin á là. Ọlálẹ́yẹ rò pé ohun tó bá orí ẹ̀rọ mu á bá fọ́nrán mu. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi fà á díẹ̀díẹ̀, tó ń fi sípíríìtì nù ún. Òwú ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, inú ẹ̀ ń dùn. Ó pe àwọn ará ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ pé kí wọ́n wá wo ìdọ̀tí ọdún mẹ́rìnlá. Nígbà tó máa parí, fọ́nrán ń dán gbinrin, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí ìka yín láti òdìkejì.

4.
Ní Sátidé, Mùsílímátù wọ aṣọ Iléyá ẹ̀, ó jókòó ti sípíkà. Ọlálẹ́yẹ tan ẹ̀rọ. Ṣùùù. Ó gbé ohùn ẹ̀ sókè. Ṣùùù. Gàfárù wọlé, ó rí òwú tó kún korobá, ó mú ọ̀kan, ó gbóòórùn ẹ̀. Ó jókòó.

Ó ní, "Èyí tó pọ́n yìí lorin, Ọlálẹ́yẹ, ara ẹ̀ ni wọ́n gba ohùn sí. Rọ́bà lásán ló kù sórí ẹ̀rọ yẹn."

Ọmọ náà ní kí wọ́n jọ̀ọ́ dúró, pé bóyá iwájú ni ti ìyá òun wà. Kò sẹ́ni tó lè dá a lẹ́kun. Wọ́n gbọ́ ṣùùù náà títí fọ́nrán fi tán. Ló bá kọjú sí bàbá ẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ̀yin ṣáà gbọ́ ọ rí. Ẹ kọ ọ́ fún mi bí wọ́n ṣe kọ ọ́."

Bàbá ní, "Orin yẹn ni mo mọ̀, ọmọ mi. Ohùn yẹn ti kúrò létí mi. Torí ó wà nínú agolo ni mi ò ṣe da ara mi láàmú láti rántí ẹ̀."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ọlálẹ́yẹ lọ dọ̀bálẹ̀ lábúlé. Bàbá ní àwọn ti dárí jì í. Mùsílímátù ò jáde sí i rí. Kí ọdún yẹn tó parí, Ọlálẹ́yẹ ti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ pa. Àánú ẹ̀ ò ṣe mí púpọ̀, kí n má purọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, mo bẹ̀ yín. Tí ohùn tàbí àwòrán ẹni tó ti lọ bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ da ẹ̀dà ẹ̀ kọ lónìí, bó ṣe wà gan-an, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan lára ẹ̀. Ẹ má wá iyì ara yín nínú ohun tí ẹlòmíràn fi ń wá ìyá ẹ̀. Ọmọ yẹn ò bèèrè orin tó dá ṣáká lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìyá ẹ̀ ló fẹ́ gbọ́, tòun ti ariwo.