Ìwé Darandaran Òyìnbó

Kíláàsì karùn-ún ni mo wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ìwé ìtàn ìfẹ́ tíṣà nínú àpò mi.

Èmi kọ́ ni mo jí i.

Wọ́n nà mí lójú gbogbo ọmọ ilé ìwé, wọ́n sì pè mí lólè. Mi ò padà síbẹ̀ mọ́.

Ó ti pé ọgbọ̀n ọdún. Inú ṣì ń bí mi.

Lónìí, Àfúsá ìyàwó mi, tá a jọ wà ní kíláàsì yẹn, ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

Òyìnbó darandaran kan ń fẹ́ ọmọge oníbúrẹ́dì.

Mo pòṣé.

"Ìwé rádaràda! Ní Kọ́bapẹ́ níbí, màlúù jẹ gbogbo ẹ̀gẹ́ mi tán. Nínú ìwé tìẹ, darandaran ló ń gbé ìyàwó!"

"Bàbá Rodiat, ẹ jẹ́ n kà á tán."

Ó ṣí ojú ewé tó kàn.

"Ọmọge náà ní, 'Èmi ni mo jí ìwé tíṣà. Nígbà tí wọ́n ń tú àpò wa, ẹ̀rù bà mí, mo jù ú sínú tìẹ.'"

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Darandaran yìí náà lọ ilé ìwé?"

Àfúsá pa ìwé dé. Ó kúnlẹ̀.

"Kò sí nínú ìwé, Bàbá Rodiat. Èmi ni."