Kò Sí Kòtò Tó Lè Dá Jíìpù Yìí Dúró

Kò-sí-kòtò di sítíárì jíìpù rẹ̀ mú, ó ń làágùn.

Lánàá ni mẹkáníìkì gbé ara ọkọ̀ náà sókè, tó sì fi táyà tó ga dé ìbàdí èèyàn sí i.

Lónìí, òun ló fẹ́ ṣíwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gun òkè olókùúta. Ó ti fọ́nnu tán: "Ẹ ṣáà máa tẹ̀ lé mi. Kò sí kòtò tó lè dá jíìpù yìí dúró!"

Fóònù dún.

"Ọ̀gá, a ti ń dúró láti àárọ̀. Níbo lẹ wà?"

"Ibi tí mo wà yìí le, ẹ̀yin èèyàn mi. Òkúta ńlá kan yọrí síwájú mi. Bí mo bá sún díẹ̀ báyìí, á ya òrùlé ọkọ̀."

"Háà, ọkùnrin mẹ́ta! Ẹ jẹ́ ká wá fi okùn fà yín."

"Ẹ má wulẹ̀ wá!"

Ó yára pa fóònù.

Ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ yọjú, ó mú ife tíì dání.

"Olówó orí mi, bíríkìlà ti dé. Ó ní ṣé kí òun fọ́ òkè ẹnu ọ̀nà gáréèjì wa ni, àbí ẹ máa dá táyà kékeré ti tẹ́lẹ̀ padà sí ọkọ̀?"

Ó gbé tíì náà lé e lọ́wọ́.

"Ó tún ní kí n bi yín: nígbà tí mẹkáníìkì ń gbé ọkọ̀ ga nínú gáréèjì níbí, ṣé kò sẹ́ni tó wòkè ni?"