Kọ́kọ́rọ́ Ẹ̀ka Ìwọnlẹ̀

Bàbá Ẹ̀ka ni wọ́n rẹ́ jẹ, láti ọdún tí wọ́n ti wó ilé ìjẹun àtijọ́ ni wọ́n sì ti ń rẹ́ ẹ jẹ. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, kò sì sẹ́ni tó ń sọ ọ́.

Òun ló ń pa kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ka ìwọnlẹ̀ mọ́. Láràárọ̀, á ṣí ilẹ̀kùn, á gbálẹ̀, á nu pátákó, á sì nu eruku orí ẹ̀rọ awọnlẹ̀ tó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta ní igun yàrá bí àlejò tí wọn kò fún ní ìjókòó. Lẹ́yìn náà ni àwọn olùkọ́ á tó dé. Mẹ́ta ni wọ́n. Wọ́n máa ń kí i tọ̀yàyàtọ̀yàyà, tí wọ́n bá sì gba owó oṣù, wọ́n á dá nǹkan jọ fún un.

Inú ọgbà ni ó ń gbé, nínú yàrá kan tó ní ibùsùn onípele méjì. Ìsàlẹ̀ ló ń sùn. Àpótí aṣọ rẹ̀ ló wà lókè, ó ti dì í tipẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, àbúrò rẹ̀ obìnrin pè é lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀gá awọnlẹ̀ tí mo sọ fún yín ṣì ń dúró. Ó ní kí ẹ ṣáà mú ìwé tí ẹ̀ka bá fún yín wá, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n tí oṣù yìí bá parí, ẹlòmíràn ló máa gbà."

"Mo ti gbọ́."

"Lọ́dún tó kọjá náà, ẹ ní ẹ ti gbọ́. Àwọn ọmọ yín ń béèrè bóyá kọ́lẹ́ẹ̀jì lẹ wà àbí ẹ̀wọ̀n."

"Wọ́n máa ń sọ ọjọ́ tí ẹlẹ́wọ̀n máa jáde fún un," ni ó wí.

Ó lọ bá Ọ̀gá Ẹ̀ka ní ọ́fíìsì. Ọdún kan náà ni àwọn méjèèjì wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí, wọ́n jọ gbé yàrá kan. Ọ̀gá Ẹ̀ka ló ń sùn lókè nígbà náà. Lójú àwọn ènìyàn, Bàbá Ẹ̀ka máa ń pè é ní sà. Tó bá ku àwọn méjèèjì, kì í pè é bẹ́ẹ̀.

"Mo fẹ́ máa lọ," ni Bàbá Ẹ̀ka wí.

Ọ̀gá Ẹ̀ka gbọn ẹfun kúrò ní apá aṣọ rẹ̀. "Lọ síbo? Ìwọ náà mọ òfin. Ẹ̀ka tí iye ènìyàn rẹ̀ kò bá pé, títì ni ìjọba máa tì í. Olùkọ́bìnrin yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Tèmi náà ò ju ọdún díẹ̀ lọ mọ́ kí n fẹ̀yìn tì. Ṣé ìwọ lo máa bọ́ wa?"

"Àwọn tèmi ńkọ́, ta ló ń bọ́ wọn?"

"Rọra, ọ̀rẹ́ mi. Jẹ́ kí àwọn alábẹ̀wò wá, kí wọ́n lọ. Tó bá di ẹ̀yìn ìsinmi, a ó wò ó."

Ẹ̀yìn ìsinmi. Ọdọọdún ni ó ń gbọ́ ọ. Tí ọdún bá ti ń parí lọ, wọ́n á pè é, wọ́n á ní ó ku díẹ̀ káàtó, kí ó fi ọdún kan sí i. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Níta, olùkọ́bìnrin náà dúró dè é.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ohun tí mo rí ni mo kọ. Òkè ni wọ́n ti yí i padà."

"Mo mọ̀, tíṣà. Ẹ lọ fún ọmọ lọ́yàn."

Àwọn alábẹ̀wò tó máa ń wá tẹ́lẹ̀ kì í kọjá ọ́fíìsì. Wọ́n á mu ohun tútù, wọ́n á tọwọ́ bọ̀wé, wọ́n á lọ. Àwọn ti ọdún yìí jẹ́ tuntun: obìnrin kan tó wọ awò ojú, àti ọkùnrin kan tó ń làágùn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rìn yí ká. Ọ̀gá Ẹ̀ka ní kí Bàbá Ẹ̀ka mú wọn kiri, torí kò sẹ́ni tó mọ ìtàn ibẹ̀ tó o. Bàbá Ẹ̀ka gbà. Ó ti pinnu pé lójú wọn ni òun ó ti sọ̀rọ̀.

"Iṣẹ́ káfíńtà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀," ni ó sọ fún wọn. "Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ẹ̀kọ́ olùkọ́ kún un, àti iṣẹ́ àgbẹ̀, àti ìwọnlẹ̀. Àwọn káfíńtà ló kan gbogbo àga tí ẹ ń rí yìí. Ẹ̀ka tiwọn ni wọ́n kọ́kọ́ tì."

"Ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ńkọ́?" ni ọkùnrin náà béèrè.

"Ewúrẹ́ ló kù níbẹ̀."

"Ṣé wọ́n ń kẹ́kọ̀ọ́ ṣá?"

"Wọn kì í pa kíláàsì jẹ."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ó jọ pé ẹ ti pẹ́ níbí."

"Igi tí a dúró sábẹ́ rẹ̀ yìí, èmi ni mo gbìn ín."

"Ẹ kú iṣẹ́ ìlú."

Ó ṣí yàrá ìwọnlẹ̀ fún wọn. Àwọn olùkọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Ọ̀gá Ẹ̀ka pẹ̀lú, ti tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó, wọ́n wọ aṣọ tó dára. Obìnrin náà wo ẹ̀rọ, ó wo fèrèsé, ó wo pátákó.

"A ti rí àwọn olùkọ́," ni ó wí. "A ti rí irinṣẹ́. Ẹ ní ẹ ní akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wà ní ọdún ìparí. Ẹ pè é wá ká rí i."

Ọ̀gá Ẹ̀ka wúkọ́. Olùkọ́bìnrin náà tẹjú mọ́lẹ̀.

Bàbá Ẹ̀ka gbé kọ́kọ́rọ́ lé Ọ̀gá Ẹ̀ka lọ́wọ́, ó lọ jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó kọjú sí pátákó, ó nawọ́ sókè, ó ní, "Èmi ni akẹ́kọ̀ọ́ náà, ẹ bá mi sọ fún àwọn olùkọ́ mi kí wọ́n fún mi ní máàkì tí mo gbà, kí n lè máa lọ sílé."