Nọ́ńbà Tí Wọ́n Ń Pè

Bàbá kọjú sí ògiri lórí bẹ́ẹ̀dì, kò fẹ́ wo ọmọ rẹ̀ obìnrin.

"Kí wọ́n tó gbé mi lọ ṣiṣẹ́ abẹ, ìwọ ni mò ń béèrè."

Ọmọ náà jáde, ó ko nọ́ọ̀sì lójú níwájú èrò.

"Kí ló dé tí ẹ ò pè mí?"

"Ẹ̀gbọ́n, a pè yín títí. Nọ́ńbà yín ò lọ."

"Ṣebí ojú mi lo ṣe tẹ nọ́ńbà mi tuntun sínú kọ̀ǹpútà?"

Nọ́ọ̀sì yí kọ̀ǹpútà sí i. Nọ́ńbà àtijọ́ ló wà níbẹ̀.

"Mo tẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbọ́n. Mo fojú ara mi rí i pé ó wọlé."

Ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì jáde, ó ní kí nọ́ọ̀sì náà kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

Obìnrin náà tún wo nọ́ńbà náà, ó wá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Bí kọ̀ǹpútà bá ti gbé orúkọ aláìsàn jáde níbi ìpamọ́, okùn tó so ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà mọ́ ìpamọ́ á já. Àtúnṣe tí nọ́ọ̀sì bá ṣe, ojú lásán ló wà, kì í dé ìpamọ́, àfi bí ẹni tó kọ ètò kọ̀ǹpútà náà bá ní kó so okùn náà padà.

Ó wù ú kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì.

"Àbúrò, dìde," ló wí, kò lè gbójú sókè. "Èmi ni mo kọ ètò náà."