Máàkì Tó Ju Ọgọ́rùn-ún Lọ

Tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì náà nu bàtà rẹ̀, ó tún un nù, kó tó jáde láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ilé ìwé kan ṣoṣo ló kù nílùú tí kò tíì dé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń wò ó láti orí bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́bàá fèrèsé.

"Bàbá, tí àwọn yìí náà bá kọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀," ọmọ wí. "Màá yọ ọ́ kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kó tán síbẹ̀."

"Wọn ò ní kọ̀ ọ́. Èmi ni mo kọ́ ọ̀gá ibẹ̀ níwèé."

Ètò kọ̀ǹpútà tí ilé ìwé lè fi ṣírò máàkì, kí wọ́n sì fi tẹ èsì ìdánwò jáde, ni wọ́n ń sọ. Ọmọ náà ló kọ ọ́ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, tó máa ń jókòó tì í títí oúnjẹ rẹ̀ á fi tutù. Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ bá a dán an wò, ó ń tẹ máàkì bó ṣe wù ú, ó sì dà á rú débi tí ọmọ fi lé e kúrò nídìí kọ̀ǹpútà. Nígbà tó parí, kò tà á. Ó gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ mú un lọ́fẹ̀ẹ́, kó tú inú rẹ̀ wò, kó tún un ṣe bó ṣe wù ú, kó sì fún ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà ni àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Dókítà ti sọ fún bàbá pé kó máa gbé e lọ sílé, kó máa fún un ní ohun tó bá ń fẹ́. Ohun kan ló sì ń fẹ́: kó gbọ́ pé ẹnì kan ń lo iṣẹ́ ọwọ́ òun kí ọlọ́jọ́ tó dé.

Ìdí nìyẹn tí tíṣà fi ń rìn kiri. Ó ti dé àwọn ilé ìwé yòókù, ó ti dé yunifásítì, ó tilẹ̀ dé ilé iṣẹ́ kan tó ń dá àwọn òṣìṣẹ́ tuntun lẹ́kọ̀ọ́. Ibi gbogbo ni wọ́n ti fún un lága àti omi tútù, ibi gbogbo náà ni wọ́n ti ní àwọn ti ra irú rẹ̀. Oníṣòwò kan náà ló tà á fún gbogbo wọn. Tíṣà á dúpẹ́, á gbé báàgì rẹ̀. Ó ti sú u, àmọ́ kì í jẹ́ kó hàn nílé.

Ọ̀gá ilé ìwé fò dìde nígbà tó rí i.

"Tíṣà wa! Ṣé ẹ rántí mi, sà? Ẹ fún mi ní máàkì márùn-ún lé lọ́gọ́rùn-ún rí nínú ìṣirò."

"Ọ̀nà méjì lo gbà yanjú rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe ju ohun tí mo bèèrè lọ, èmi náà á fún un jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ẹ kó bá mi, sà! Màmá mi ní èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Tíṣà ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó fi ètò náà hàn án. Ọ̀gá fara balẹ̀ wò ó, ó ń mi orí.

"Èló ni wọ́n ń tà á, sà?"

"Ọ̀fẹ́ ni."

Ọ̀gá fẹ̀yìn ti àga. "Tíṣà, ẹ má bínú. Ohun tí a ò jìyà fún kì í tọ́jọ́. Tó bá kọṣẹ́ lọ́jọ́ tí a fẹ́ tẹ èsì, ta ni mo fẹ́ dì mú?"

"Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè ṣí i, kó tún un ṣe. Wọn ò tì í pa."

"Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn, sà." Ó yí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ sí i; orúkọ àti àwọ̀ ilé iṣẹ́ oníṣòwò náà ló kún ojú rẹ̀. "Tiwa rèé, owó gọbọi ni. Kò já wa kulẹ̀ rí. Tí ọwọ́ mi bá ṣèèṣì tẹ máàkì tó pọ̀ jù nìkan ni á kọ ọ́ sí mi pé, 'Bàbá, ẹ rọra o.' Èmi abiyamọ! Mo pe ẹni tó tà á, ó ní àtúnṣe ní owó tirẹ̀ lọ́tọ̀."

Tíṣà rẹ́rìn-ín nítorí pé ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín. Ohun tó máa sọ nílé ló gbà á lọ́kàn. Ó rò ó lójú ọ̀nà bóyá kí òun parọ́, àmọ́ kò mọ irọ́ pa, ọmọ náà sì mọ ojú rẹ̀.

Nígbà tó wọlé, kọ̀ǹpútà ti wà lórí itan ọmọ.

"Wọ́n kọ̀ ọ́," ọmọ wí.

"Wọ́n ti ra irú rẹ̀."

Ọmọ mi orí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ nǹkan. Tíṣà jókòó sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Inú rẹ̀ bàjẹ́ gidigidi. Nítorí kó má baà jẹ́ pé ọwọ́ òfo ló gbé délé, ó sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ olówó gọbọi tó ń pe abiyamọ ní bàbá, bóyá ọmọ á rẹ́rìn-ín.

Ọwọ́ ọmọ dúró. "Kí ló ní ó ń kọ gan-an?"

"'Bàbá, ẹ rọra o.' Tó bá ti fún ọmọ ní ju ọgọ́rùn-ún lọ."

"Ṣé èyí kan náà ni gbogbo àwọn yòókù rà?"

"Ọ̀kan náà ni."

Ọmọ rọra pa kọ̀ǹpútà dé, ó ní, "Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn, Bàbá, ẹ̀yin ni mo sì kọ ọ́ sí."