Ẹ̀gbà Ọwọ́ Inú Iyanrìn

Láti ìgbà tí Wẹ́dà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ irin jíjó, ẹ̀rọ kan tó ń wá irin lábẹ́ ilẹ̀ ló kù tí wọ́n jọ ń rìn. Láàárọ̀, yóò gbé e lọ sí etí òkun, yóò máa ju ọ̀pá rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì lórí iyanrìn bí ẹni ń gbálẹ̀ ilé onílé. Bí ẹ̀rọ bá ké, á dúró, á walẹ̀. Ìdérí ìgò ló sábà máa ń rí. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ti tipasẹ̀ rẹ̀ rí òrùka, yẹtí àti ṣéènì wọn gbà. Kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, "ẹ ṣé" sì ti di ọ̀wọ́n gógó nínú ilé rẹ̀.

Ibẹ̀ ni obìnrin aránṣọ kan ti wá bá a. Ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní òun gbọ́ pé ó ń bá ènìyàn wá nǹkan. Ẹ̀gbà ọwọ́ fàdákà ni òun ń wá, ti ọmọ òun obìnrin. Wẹ́dà béèrè ibi tó ti sọ nù gan-an. Obìnrin náà ní òun kò mọ̀. Ó lè wà níbikíbi létí òkun yìí, ó sì lè máà sí níbẹ̀ rárá.

"Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wọ ọkọ̀ ojú omi."

"Ìgbà wo ló ń bọ̀?"

"À ń retí rẹ̀."

Wẹ́dà mi orí. Ó mọ àwọn ọmọ ìwòyí: wọn á sọ nǹkan nù, wọn á bá tiwọn lọ, ìyá wọn á wá máa yẹ iyanrìn wò kiri.

Láti ọjọ́ náà ni obìnrin yìí ti ń wá láràárọ̀ kó tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Á gbé fíláàsì tíì dání, á jókòó sórí àga, á máa wo Wẹ́dà. Bí ẹ̀rọ bá ti ké, á dìde dúró, kò sì ní sún mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ ìṣó ni Wẹ́dà gbé sókè, á jókòó padà lójijì, á rẹ́rìn-ín títí tí yóò fi máa fi etí aṣọ nu ojú.

"Ẹ ṣé, ọ̀gá mi," ni yóò wí. "Ẹ ṣé gan-an ni."

Nítorí ìṣó.

Wẹ́dà gbé ọ̀rọ̀ náà délé, ó rò ó dáadáa. Ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn pé o kò rí ohun tí ò ń wá, bí kì í bá ṣe ọ̀tá rẹ, á jẹ́ pé ó fẹ́ràn kó o máa wá a lọ. Ọ̀tá kì í sì í bu mílíìkì sí tíì ènìyàn. Nígbà tó yá, kò pe obìnrin náà ní Ìyá mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Àǹtí.

Alága ló kọ́kọ́ fura. Ọkùnrin tó ń fi àga háyà létí òkun ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Kò sí ìpàdé kankan tó ń darí. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ, òun kò tíì rí èyí tó wá ìyàwó rí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tètè rí ẹ̀gbà yẹn o," ló wí. "Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá rí i ni tíì parí."

Wẹ́dà rí i láàárọ̀ ọjọ́ kan tí obìnrin náà kò tíì dé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn òkúta tí ìgbì máa ń da nǹkan sí. Fàdákà tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kò ní ìkọ́, kò ní ojú ìṣí, ó kàn yí po ni. Ó fi ẹ̀wù rẹ̀ nù ún, ó sì wá ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀. Ojú iṣẹ́ ló fi wò ó. Ẹni tó jó o mọ ohun tó ń ṣe. Ìka kò lè mọ ibi tí orí rẹ̀ méjèèjì ti pàdé. Ó gbìyànjú láti fi bọ ọwọ́, ó há sí i ní ìdí àtàǹpàkò, ó sì fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló rántí ọ̀rọ̀ Alága. Ó tì í bọ àpò.

Nígbà tí obìnrin náà dé, Wẹ́dà ní òun kò tíì rí nǹkan kan. Obìnrin náà di ojú, ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di ọwọ́ Wẹ́dà mú. Lọ́jọ́ yẹn, Alága ló bá a gbé ẹ̀rọ délé, nítorí ó gbàgbé rẹ̀ sórí iyanrìn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbà náà kò jẹ́ kó sinmi. Kì í ṣe olè. Ọkùnrin tó bá fẹ́ bá obìnrin sọ ọ̀rọ̀ gidi kò yẹ kó ní ẹrù rẹ̀ lápò. Bó ṣe lọ ẹ̀wù rẹ̀ nìyẹn, tó fi lọ́fíńdà sára tó bẹ́ẹ̀ tí Alága fi béèrè bóyá ìgò ló fọ́ sí i lára. Ó ti to ọ̀rọ̀ rẹ̀: ẹ̀gbà lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀rọ̀ yòókù lẹ́yìn.

Nígbà tó dé etí òkun, obìnrin náà ń bu tíì. "Kò sí, àbí?" ló wí, ẹ̀rín ti ń bẹ̀rẹ̀ lójú rẹ̀.

"Mo rí i, Àǹtí." Wẹ́dà la àtẹ́lẹwọ́.

Tíì náà kún ife, ó sì ń dà sórí iyanrìn. Obìnrin náà kò na ọwọ́ sí ẹ̀gbà.

"Ẹ̀yin lẹ mọ irin," ló wí jẹ́jẹ́. "Ẹ bá mi wò ó. Ṣé wọ́n gé e rí, kí wọ́n tó tún un jó?"

Wẹ́dà gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó yí i po, inú rẹ̀ dùn pé wọ́n bi òun ní ìbéèrè tí òun mọ̀. "Rárá o, Àǹtí. Ojú ìjórin kan ṣoṣo ló ní. Ó pé pérépéré."

Obìnrin náà rọra dé fíláàsì rẹ̀, ó sì ṣàlàyé fún un pé òun fúnra òun lòun ní kí alágbẹ̀dẹ fàdákà jó o pa mọ́ ọmọ náà lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ tó wọ ọkọ̀ tí kò tíì gúnlẹ̀ síbì kankan, pé kò ṣeé bọ́ kúrò lọ́wọ́ ẹni tó bá wà láàyè, àti pé gbogbo àárọ̀ tí Wẹ́dà fi ń sọ pé òun kò rí i ni òun ìyá rẹ̀ fi ṣì ní ọmọ.